Òrùka Rọ́bà Mẹ́jọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Keje, 1994

Ènìyàn mọ́kànlélógún ló wá kí wa ní wọ́ọ̀dù lónìí. Mo kà wọ́n, torí n kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Gbogbo wọn ló ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́. Alfa Mansur onílé wa sọ ọ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù, tí kò mọ̀ wá rí, náà sọ ọ́. Adédoyin ìyàwó mi gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé dé ìgúnpá sórí ìrọ̀rí, ó ń ṣe àmín fún gbogbo wọn.

Èmi kò ṣe àmín. Ó fẹ́ po ògì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó ṣáná sí sítóòfù gáàsì, iná kò dúró sórí níbi tó yẹ kó wà. Ọrùn sítóòfù ló ti bẹ́, níbi tí ó ti so mọ́ sílíńdà, ó sì gbá a lọ́wọ́ mú. Ilé ìwẹ̀ ni mo wà. Talatu, ará yàrá kejì, ló fi àpò tó rin fún omi pa iná náà kí n tó sáré dé, ti ọṣẹ ti ọṣẹ lójú.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò pọ̀. Gáàsì tó gba ibi tí kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀ jáde, ta ló ṣí ọ̀nà fún un? Ọlọ́run kì í tún sítóòfù ṣe ní ọjà Ìpàtà. Àúdù ló ń tún un ṣe, òun ló sì so tiwa.

Òjò ní gbogbo ọ̀sán. Bàtà iṣẹ́ ni mo wọ̀ lọ sílé ìwòsàn láìní ìbọ̀sẹ̀, torí ẹsẹ̀ òsì sálúbàtà mi ò tíì di rírí láti oṣù tó kọjá. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ Talatu ló gbé e. Kí lèèyàn fẹ́ fi ẹsẹ̀ bàtà kan ṣe?

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Keje

Alfa ní kí n má fọwọ́ kan sítóòfù náà. Mo tú u. Òrùka rọ́bà tó yẹ kó dí àárín sílíńdà àti ọrùn sítóòfù ti jóná di dúdú. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ rọ̀ bí àkàrà àná, ó sì kún fún ihò wínníwínní.

Mo wá ìwé pélébé tó bá sítóòfù wá nínú páálí. Nígbà tí kẹrosíìnì di ohun tí à ń tò fún, Alfa kó gbogbo ayálégbé jọ, a ra sítóòfù mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé mẹ́jọ ló sì bá wọn wá. Méje ti di ohun tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà. Tiwa wà lábẹ́ àwọn ìwé mi, n kò ṣí i rí. Èmi tí mo máa ń ka bébà tí wọ́n fi wé àkàrà kí n tó jẹ àkàrà! Ojú ewé kejì: òrùka dúdú líle tí a ṣe fún gáàsì nìkan ni kí ẹ lò, ẹ má fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí òrùka kankan nínú páálí tí wọ́n tà fún wa.

Mo kọrí sí Ìpàtà. Àúdù ń fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí ojú sítóòfù kan.

“Tíṣà, ẹ kú ewu iná o. Ìyá wa ńkọ́?”

“Irú rọ́bà wo lo fi sí sítóòfù wa?”

“Rọ́bà.”

“Rọ́bà wo?”

“Tíṣà, rọ́bà ni rọ́bà. Ihò ni wọ́n ní kó dí, ó sì dí i.”

“Níbo lo ti rí i?”

Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. “Ṣebí ilé yín náà ni wọ́n ti fún mi.”

Mo pè é ní òpùrọ́ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó tẹrí ba, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé kò bínú.

Àbámẹ́ta, 16 oṣù Keje

Ìgò kẹrosíìnì kan ti di náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, epo náà sì rùn bí ẹni pé wọ́n bù ú lójú gọ́tà. Dókítà ní àtàǹpàkò yóò san, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí fún ìka méjì tó tẹ̀ lé e. Aránṣọ ni ìyàwó mi.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Keje

Mo bẹ Alfa kó pe àwọn ayálégbé jọ lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Mo fi òrùka jíjóná náà hàn wọ́n. Mo ní Àúdù ló so sítóòfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, irú rọ́bà yìí ló sì wà nínú méje yòókù. Mo ní kí a tú wọn.

Alfa fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Tíṣà, mo gbọ́. Gbogbo nǹkan ló ní sábàbí, ohun tó fà á, Ọlọ́run ló sì ni sábàbí. Ẹ fi sùúrù sí i.”

“Alfa, sábàbí tiwa yìí ní ọwọ́ méjì, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìpàtà.”

Ojú Alfa yí padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Àúdù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Talatu gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Haba, Tíṣà! Gbogbo ìwé tó kún yàrá yín, kò sí ọ̀kan tó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣáná? Tèmi ò jó. Ti Ìyá Ummu, ìyàwó Alfa, ò jó. Tiyín nìkan ló jó, ẹ wá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa mú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ náà ni Alfa ti kéde pé Ummu-Kulthum ọmọ òun ti parí Kùránì, pé wòlímà rẹ̀ di ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Kẹjọ. Igi ìdáná tutù, òjò kò sì gbà wá láyè ní gbangba. Àwọn obìnrin ti pinnu: sítóòfù méjèèje ni wọn yóò tò sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn yóò sì dáná síbẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò ní fèrèsé kankan. Gáàsì kì í fò lọ bí èéfín, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń ṣàn sí, a sì máa dúró síbẹ̀ bí omi títí ẹnì kan yóò fi ṣáná. Gbogbo ọmọ ilé kéwú ni yóò wà nínú ilé lọ́jọ́ náà. Mo sọ èyí fún wọn. Ẹnì kan ṣe àmín, n kò mọ ohun tó ṣe àmín sí.

Àbámẹ́ta, 23 oṣù Keje

Ìtìjú. Ìwé pélébé ní kí a po omi ọṣẹ, kí a fi kun ojú ibi tí a so. Bí gáàsì bá ń jò, ìfófòó yóò wú. Mo po omi ọṣẹ sínú abọ́, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, mo lọ láti yàrá dé yàrá. Wọ́n gbà fún mi, torí wọ́n fẹ́ wòran.

Kò sí ìfófòó kan tó wú. Ti Talatu, rárá. Ti Ìyá Ummu, rárá. Gbogbo méjèèje.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” Talatu ní. “Ẹ ti bá wa fọ ọrùn wọn mọ́ tónítóní. Ìkòkò ló kù.”

Mo padà sí yàrá pẹ̀lú abọ́ ọṣẹ lọ́wọ́. Ṣé èmi ni mo ṣìnà? Ṣé mo ń fẹ́ kí sítóòfù wọn máa jò kí ọ̀rọ̀ mi lè jẹ́ òtítọ́ ni? Ìbéèrè burúkú ni.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Keje

Pásítọ̀ ní kí n jáde wá dúpẹ́, pé ó lè ju báyìí lọ. Bí ó bá jẹ́ Òun ló mú un wá, kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún? Bí kì í bá ṣe Òun, kí ló dé tí a fi ń fi orúkọ Rẹ̀ bo Àúdù mọ́lẹ̀? N kò sọ ọ́ síta. Mo jáde, mo dúpẹ́, mo padà jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù Keje

Òjò ti dá fún ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn mú. Mo dé láti ilé ìwòsàn, mo gbóòórùn gáàsì, bí ẹyin tó bàjẹ́, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà Talatu. Mo gbé sítóòfù rẹ̀ jáde sí àgbàlá láìgba àṣẹ, mo sì wo ọrùn rẹ̀ lójú ọ̀sán gangan.

Ọṣẹ ni. Ọṣẹ ìfọṣọ, èyí tí a ń gé ní ọ̀pá, ni ẹnì kan pò tí ó fi rẹ́ gbogbo ojú ibi tí wọ́n so. Oòrùn ti gbẹ ẹ́, ó ti sán bí gìgísẹ̀ ní ọyẹ́.

“Ta ló fi ọṣẹ síbí?”

“Àúdù ni,” Talatu dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Ní ọjọ́ kejì iná tiyín. Alfa ní kó lọ yíká, kó fi ọṣẹ sí gbogbo rẹ̀, kí ọkàn wa lè balẹ̀.”

Ọkàn wọn balẹ̀ lóòótọ́! Kò sẹ́ni tó mú ohun tó ń jò kúrò, wọ́n kàn fi ọṣẹ dí i lẹ́nu. Mo sì ru omi ọṣẹ káàkiri ilé, mo ń fi ọṣẹ dán ọṣẹ wò, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí a sọ fún mi. Wọn kò tàn mí jẹ. Ní tiwọn, àtúnṣe nìyẹn. Inú ń bí mi débi pé lẹ́tà ń fò kúrò lórí ìlà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹjọ

Adédoyin dé sílé. Tìmílẹ́hìn ọmọ wa ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Adédoyin jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ìka méjì yẹn kò kákò. Ó gbé sísọ́ọ̀sì, sísọ́ọ̀sì bọ́. Ó tún un gbé. N kò lè wò ó, mo jáde síta.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹjọ

Ní àdúgbò Challenge, mo rí obìnrin àgbàlagbà kan tó ń ta irinṣẹ́ gáàsì, Ìyá Safiyat. Ó kó oríṣi òrùka mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́.

“Fi èékánná tẹ èyí.” Èékánná mi wọlé. “Èyí tó gba èékánná, á gba gáàsì. Ó yá, tẹ èyí.” Kò wọlé. “Ká a báyìí.” Mo ká a, ó lanu ní ẹ̀gbẹ́. “Èyí ti gbó nínú páálí. Jù ú nù. Mú ẹ̀kẹta.” Ẹ̀kẹta dúdú, ó le, mo ká a, kò lanu, ó sì padà sí ipò rẹ̀.

“Ẹ̀yin ni ẹ máa so ó?”

“Èmi ni.”

Ó wojú mi dáadáa. “Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi dè é, kó kàn wọlé kó dúró. Ẹ má fi ìbínú dè é o. Ẹni bá fi ìbínú dè é, á pa òrùka náà kó tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan.”

Náírà méjìlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ra méje. Mo gbé wọn fún Alfa nírọ̀lẹ́. Kò gbà wọ́n. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí wòlímà kọjá ná. Tẹ́ ẹ bá ń tú sítóòfù àwọn obìnrin báyìí, ẹ̀ ń sọ fún ìlú pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jó ilé mi. Fìtínà nìyẹn. N ò fẹ́ ẹ báun.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹjọ

Àúdù wá sí àgbàlá lónìí pẹ̀lú ọ̀pá ọṣẹ tuntun, ó fẹ́ tún àwọn èyí tó sán rẹ́. Mo bá a níbẹ̀. N kò ní kọ gbogbo ohun tí mo sọ. Mo pè é ní apànìyàn. Gbogbo ilé jáde. Ó gbé ọṣẹ dání bí ẹni tó gbé nǹkan oní-nǹkan.

Adédoyin pè mí láti inú yàrá. “Bàbá Tìmílẹ́hìn, ẹ wọlé.” Mo wọlé. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

“Ta ló fún un ní rọ́bà?”

“Rọ́bà wo?”

“Lọ́jọ́ tó wá so sítóòfù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí. Ó ní kò sí òrùka nínú páálí, kí wọ́n fún òun ní rọ́bà èyíkéyìí tí òun lè gé. Ẹ̀ ń kàwé. Ẹ ò gbójú sókè. Ẹ ní, ‘Mú sálúbàtà yẹn, jọ̀wọ́, kó o fi mí sílẹ̀.’”

“Irọ́ ni.”

“Ẹsẹ̀ òsì ló mú. Òun ló gé sí mẹ́jọ.”

Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà níbẹ̀ nìkan, bó ti wà láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ọmọ Talatu jà.

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?”

“Mo rò pé ẹ mọ̀. Nígbà tí mo rí i pé ẹ ò mọ̀, mo tún rí i pé ìbínú yẹn nìkan ló ń gbé yín rìn.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Èmi náà wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀ bá a di sálúbàtà mú kó lè rí i gé.”

Mo ti wo gbogbo ìwé tó wà lórí tábìlì yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò rántí èyí tí mo ń kà lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Kẹjọ

Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà níwájú mi. N kò rí nǹkan kọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Kẹjọ

Mo kọ́kọ́ lọ sí Ìpàtà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Àúdù, ọmọ tí mo fi ogún ọdún jù, níwájú àwọn oníbàárà tó gbọ́ nígbà tí mo pè é ní òpùrọ́. Ó fà mí dìde kíákíá.

“Tíṣà, mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn.”

“O sọ ọ́. N kò gbọ́.”

“Èmi náà, wàlláhì, n ò mọ̀ pé sálúbàtà ò lè gbé gáàsì. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, sálúbàtà ló ń gé.”

A jọ padà wá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alfa pe ilé jọ, ojú rẹ̀ le, ó ti ṣetán láti lé mi jáde, mo rò bẹ́ẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sálúbàtà mi sílẹ̀ láàárín àgbàlá.

Mo ní, “Ẹ wo bàtà yìí. Ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ wà nínú sítóòfù yín, gbogbo yín pátá. Àúdù bi mí, mo ń kàwé, mo ní kó mú un. Ìwé tó sọ pé kí a má lò ó wà lábẹ́ ìgúnpá mi. Alfa, ẹ ní gbogbo nǹkan ló ní sábàbí. Èmi ni.”

Lẹ́yìn náà ni Talatu pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà! Ẹ̀yin yìí! Láti ìgbà yìí lẹ ti ń wo àwọn ọmọ mi bí olè! Shehu, jáde wá o, Tíṣà ti rí bàtà tó o jí!”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà. Inú ẹ̀rín yẹn ló gbà wọlé, ó gbé sítóòfù rẹ̀ jáde, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Òun ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ wá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Àúdù fi omi gbígbóná fọ ọṣẹ kúrò lọ́rùn wọn, mo fi omi ọṣẹ kun wọ́n. Ẹ wo ìyàtọ̀. Márùn-ún nínú méje ń wú ìfófòó, ti Talatu ń wú bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀rín dákẹ́. Àúdù tú wọn, ó yọ òrùka wọn: búlúù ni, wọ́n ti wú, wọ́n rọ̀. Ó tò wọ́n sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, àwọ̀ kan náà ni. A fi òrùka dúdú sí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Safiyat fún un, pé kó má fi ipá dè é. A tún wọn dán wò. Mẹ́fà dákẹ́. Ìkeje, ti Ìyá Ummu, ṣì ń wú: ẹnu sílíńdà fúnra rẹ̀ ló ti dógùn-ún, ó ti jẹ. Alfa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e, ó rìn gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó lọ gbé e sí pápá ẹ̀yìn mọ́sálásí níbi tí kò sí iná.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Kẹjọ

Òjò rọ̀ láti ìdájí. Wọn kò dáná nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n na tapólì sókè àgbàlá, wọ́n to sítóòfù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ọ̀tún àti òsì, Talatu sì ń fi ṣíbí lé ọmọdé. Ummu-Kulthum ka Kùránì, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Adédoyin dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ó ń wo iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti ọ̀ọ́kán. Wọ́n ké sí i, kò wá.

Alfa wá jókòó tì mí. “Tíṣà, ẹ ti rí sábàbí báyìí. Ọkàn yín balẹ̀?”

“Rárá.”

“Ó dáa báun,” ó ní, ó sì bu ìrẹsì sí abọ́ mi.

Inú ṣì ń bí mi. Mo bínú sí ẹni tó ta sítóòfù láìní òrùka, mo bínú sí ẹni tó kọ́ Àúdù. N kò ní fi tiwọn sílẹ̀ nítorí pé tèmi wà níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Adédoyin jókòó ti ẹ̀rọ. Ó ti ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí a ṣe ń gé aṣọ. Ìwé wà ní ṣíṣí lórí itan mi. Ó ní, “Bàbá Tìmílẹ́hìn, ẹ bá mi fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.”

Mo ti gbọ́ ọ. Síbẹ̀ mo pa ìwé dé, mo gbójú sókè, mo ní kó tún un sọ.